Wákàtí 48, Géèmù Kan

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, géèmù tí ẹlòmíràn lè jókòó gbá gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní game jam nìyẹn: wọ́n á kéde àkòrí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn olùkópa á sì fi wákàtí díẹ̀ ṣe géèmù lé e lórí, àwòrán, orin àti kóòdù lápapọ̀. Ludum Dare ti wà láti ọdún 2002. Global Game Jam bẹ̀rẹ̀ ní 2009, wákàtí 48 ni tirẹ̀ nígbà náà.

Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí kọ́kọ́ kópa, èrò ńlá ló gbé dání: ọjà tó kún fọ́fọ́, ọlọ́pàá tó ń lé ọmọ kan kiri, ìpele márùn-ún, orin fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣú, ọmọ yẹn nìkan ló tíì wà lójú kọ̀ǹpútà, kò sì lè dúró lórí ilẹ̀. Bó bá ti fò sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀, á gba inú ilẹ̀ kọjá, á sì pòórá.

Odidi wákàtí mẹ́ta ló gbà kí ìdí rẹ̀ tó yé e. Ìgbà 60 ni géèmù náà ń tún àwòrán rẹ̀ yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti àwòrán kan sí èkejì, ọmọ náà ń já wálẹ̀ ní pixel 12, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò nípọn ju 8 lọ. Nínú àwòrán kan, ó wà lókè ilẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti wà nísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò fìgbà kan rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ rárá.

Aṣọ yáàdì méjì kò lè di agbádá. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó yọ ọjà, ó yọ ọlọ́pàá, ó yọ ìpele mẹ́rin. Ohun tó kù ni ọmọ kan, ilẹ̀ tó nípọn dáadáa, àti àlàfo mẹ́ta tí ọmọ náà máa fò. Géèmù yẹn parí.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń rí ọrọ̀ nínú irú ààyè tóóró bẹ́ẹ̀. Ní Nordic Game Jam ọdún 2017, àkòrí ni "Not There", ìyẹn "kò sí níbẹ̀". Arvi Teikari, ọmọ ilẹ̀ Finland, di ọ̀rọ̀ kan péré mú níbẹ̀: "not". Ó ń rò ó bí ẹni tó ń gbá géèmù ṣe lè fi ọ̀rọ̀ yí òfin padà, Baba Is You sì ti ibẹ̀ jáde. Òfin géèmù yìí wà nílẹ̀ gbalaja bíi búlọ́ọ̀kù: "Wall", "Is", "Stop". Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tò tẹ̀ léra, ògiri á dínà. Bí èèyàn bá ti ọ̀kan kúrò lórí ìlà, ògiri ṣì wà lójú, àmọ́ èèyàn á gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó jẹ́ àṣìṣe nínú géèmù òǹkọ̀wé yìí, òun gan-an ni Teikari sọ di eré. Géèmù náà gba ipò kìíní, ó sì jáde lódindi ní 2019.

Ní ti géèmù òǹkọ̀wé yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ gbá a. Ìgbà méje ló já sínú àlàfo kejì.

"Mo tẹ̀ ẹ́ o! Kò fò!"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò létí ilẹ̀ ni. Àwọn tó ṣe géèmù Celeste ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ọjọ́ mẹ́rin ni Maddy Thorson àti Noel Berry fi ṣe ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2015, kí èyí tó tóbi tó jáde ní 2018. Nínú rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò létí àpáta, àǹfààní bíńtín ṣì wà láti fò, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan rárá. Ojú kì í rí i, ìka ló ń mọ̀ ọ́n.

Òǹkọ̀wé yìí fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, tó gùn tó àwòrán márùn-ún, kún géèmù tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fo àlàfo náà.

Nígbà tí game jam kejì dé, fífò ló kọ́kọ́ ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an, kó tó ya àwòrán kankan, ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ wò.