Ilé Là Ń Wò: Lámèyítọ́ lórí Máàpù Òkè fún Àwọn Agunkẹ̀kẹ́ ní Àyíká Kumasi

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kì í ṣe ti ọmọ tuntun nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fún ohun kan ní orúkọ, ìbáà ṣe òkè, odò tàbí ọ̀nà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ohun náà gbé wà àti àwọn ènìyàn tí ó ń lò ó. Ohun tí ó mú òwe yìí wá sí wa lọ́kàn ni irinṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ fi ń wá ibi tí ọ̀nà gbé la òkè kọjá. Ìlú Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà ni a ti lò ó, àwọn òkè tí kò jìnnà sí ìlú náà ni a ó sì fi dán an wò.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé máàpù ni lámèyítọ́ gbé lé orí tábìlì. Ṣùgbọ́n máàpù ní òǹkọ̀wé, ó ní òǹkàwé, ó ní ọ̀rọ̀ tí ó ń lò, ó sì ń yan ohun tí yóò sọ àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Èyí tó láti kà á bí a ti ń ka ìwé. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé irinṣẹ́ náà mọ ìwọ̀n ju bí ó ti mọ orúkọ lọ, àti pé àìmọ̀ orúkọ yìí, ọwọ́ àwa onímọ̀ èdè ni ó kù sí jù.

Irinṣẹ́ náà àti ilé tí wọ́n wò

Ìpìlẹ̀ irinṣẹ́ yìí ni OpenStreetMap, máàpù àgbáyé tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004. Ẹnikẹ́ni ni ó lè fi ohun tí ó mọ̀ kún un, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni a lẹ àmì mọ́. Àmì tí a yàn fún ibi tí ọ̀nà gbé la òkè kọjá ni mountain_pass. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí a fi ojú kan sí orí ọ̀nà ní ibi tí ó gbé ga jù lọ, kí a kọ orúkọ ibẹ̀ sí i, kí a sì kọ iye mítà tí ó fi ga ju òkun lọ. Agunkẹ̀kẹ́ tí ó bá ṣí Overpass turbo, èyí tí a fi ń bi máàpù náà ní ìbéèrè, yóò gbé agbègbè tí ó fẹ́ rìn sí ojú kọ̀ǹpútà, yóò béèrè àmì yìí, gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni ti fi í sí ní agbègbè náà yóò sì yọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ìgbà kan rí ń gba kí ènìyàn ra máàpù bébà, kí ó sì fi gíláàsì wò ó ní alẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ìyìn tọ́ sí àwọn tí ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ilé wo ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọmọ yìí lórúkọ? Òkè Yúróòpù ni. Níbẹ̀, àárín òkè gíga méjì ni ọ̀nà ń gbà. Yóò gòkè, yóò kan ibi tí ó ga jù, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì. Àwọn Faransé ń pe irú ibẹ̀ ní col, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn-ìn collum, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọrùn. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin àwọn agunkẹ̀kẹ́ ni Tourmalet, tí ó ga ní 2,115 mítà, tí ìdíje Tour de France kọ́kọ́ gbà kọjá ní ọdún 1910. Ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ wà ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1972, Club des Cent Cols ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí yóò wọ ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti fi kẹ̀kẹ́ kọjá ọgọ́rùn-ún irú ibẹ̀, kí márùn-ún ó kéré tán nínú wọn sì ga tó 2,000 mítà. Òfin wọn kan gba àròjinlẹ̀: èyí tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí máàpù tàbí lórí pátákó ojú ọ̀nà nìkan ni wọ́n ń kà. Òkè tí kò ní orúkọ ní àkọsílẹ̀, bí ó ti wù kí ó gba òógùn tó, kò wọ inú ìṣirò. Onímọ̀ èdè tí ó bá gbọ́ èyí gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa.

Òkè mẹ́ta tí kò bá àmì náà mu

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àmì yìí wá sí Kumasi. Ọ̀nà tí ó gba Ntonso, ìlú aṣọ adinkra, lọ sí Mampong ni a kọ́kọ́ mú. Ìrìn náà lé ní 50 kìlómítà. Ilẹ̀ kàn ń gòkè, ó ń sọ̀ ni, títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mampong. Níbẹ̀ ni òkè ńlá kan ti dìde bí ògiri, tí ọ̀nà sì gùn ún. Nígbà tí a bá dé òkè tán, a kò ní sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì, nítorí pé kò sí ìhà kejì. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni a bá, ìlú Mampong sì wà lórí rẹ̀. Òkè Kwahu, tí ó na láti Wenchi títí dé Koforidua, ni ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn ní Mampong yìí.

Ìkejì wà lára òkè kan náà, ní ọ̀nà tí ó lọ láti Kumasi sí Accra. Nkawkaw wà ní ìsàlẹ̀, Mpraeso wà lókè, ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀ sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Níhìn-ín pẹ̀lú, ẹni tí ó bá gòkè ti dé ibi tí ó ń lọ.

Ìkẹta ni adágún Bosomtwe, tí ó wà ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlà-oòrùn gúúsù Kumasi. Òkúta ńlá kan tí ó já láti ojú ọ̀run ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn ni ó gbẹ́ ihò náà, omi sì kún ibẹ̀. Etí ihò náà ga yí omi ká bí etí àwo. Ẹni tí ó bá gba Kuntanase lọ sí Abono yóò kọjá ní etí àwo náà, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ó dàbí ẹni pé èyí bá àmì Yúróòpù náà mu, àbí? Kò bá a mu. Ọ̀nà náà kò lọ sí ibòmíràn, etí omi ni ó pin sí. Gígòkè tí ó le, ìgbà tí a bá ń padà bọ̀ ni.

Òkè mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ ọrùn nínú wọn. Àtẹ̀gùn ni méjì, àwo ni ẹ̀kẹta. Irinṣẹ́ náà kò purọ́; ó kàn béèrè ohun tí kò sí ní ilẹ̀ yìí ni. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ṣófo, àlejò lè rò pé kò sí òkè ní Asante.

Ibi ìsọ̀kalẹ̀, ibi ìsinmi, ibi ìgùnpadà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá tí ó ṣòwò ní Kumasi. Abẹ́rẹ́, òwú, òòyà àti dígí ni ó máa ń dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà Mampong. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó padà wálé. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń ròyìn ọ̀nà náà fún àwa ọmọdé. Kò sọ ibi tí ó ga jù lọ fún wa rí. Ibi mẹ́ta ni ó máa ń dárúkọ: ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì í, ibi tí wọ́n ti ń sinmi tí wọ́n ń bu omi mu, àti ibi tí wọ́n tún ti ń gùn ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ń pè é, ó sì ní orúkọ tí àwọn ìyá ọlọ́jà Asante ń pè é. Mo gbọ́ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní kékeré. N kò kọ ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tí mo fi kàwé tán, tí mo di ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń gba èdè sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, ó ti papò dà.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ìwọ̀n tí agunkẹ̀kẹ́ nílò ni bàbá yìí ń fún wa. Ẹni tí ó di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí ó sì ń bọ̀ láti Mampong, ohun tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là ni kí ó mọ ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó lè di bíréèkì mú kí ọkọ̀ akẹ́rù tó yọ sí i. Lóòótọ́, máàpù náà ní àmì mìíràn fún bí ọ̀nà ti dà sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè mountain_pass kò ní rí i nínú ìdáhùn. Ojú kan ṣoṣo ni yóò rí, àti nọ́ńbà kan.

Nọ́ńbà náà pẹ̀lú gba ìṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí àwọn irinṣẹ́ báyìí ń lò, láti inú iṣẹ́ ọjọ́ 11 tí ọkọ̀ òfuurufú Endeavour fi rédà ṣe ní oṣù kejì ọdún 2000 ni wọ́n ti mú un. Rédà yìí kì í sábà wọ inú igbó kìjikìji dé ilẹ̀, orí ewé ni ó máa ń ti padà. Ó tún jẹ́ pé ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 90 mítà ní ìbú àti òró, tàbí 30 mítà nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, ni nọ́ńbà kan dúró fún. Ní ibi tí a gbé gé ọ̀nà sí ara òkúta, òkúta àti ọ̀nà yóò pa pọ̀ di nọ́ńbà kan náà. Ohun tí a pè ní gíga òkè lè jẹ́ gíga igi.

Orúkọ àti àkọtọ́

Báwo wá ni èdè àwọn onílẹ̀ ṣe ń dárúkọ òkè? Ní èdè Akan, bepɔ ni òkè. Ìlú tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀ a máa jẹ́ Bepɔase, èyí tí ó wà lórí rẹ̀ a sì máa jẹ́ Bepɔso. Àwa náà ń sọ pé ẹsẹ̀ òkè, ìdí òkè, orí òkè. Èdè méjèèjì dárúkọ ìsàlẹ̀ àti òkè, nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ń gbé; wọn kò fi dandan dárúkọ ojú kan tí ó ga jù lọ lójú ọ̀nà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ṣe gan-an nìyí.

Àmọ́ bí orúkọ bá tilẹ̀ dé orí máàpù, ìyà ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ àkọtọ́. Beposo ni a ń rí, ɔ ti sọnù. Kumase ti di Kumasi. Bosomtwe, tí ọ̀rọ̀ òrìṣà àti ti ẹtu wà nínú rẹ̀, ti di Bosumtwi ní ọ̀pọ̀ ìwé, ìtàn ọdẹ tí ó lé ẹtu dé etí omi náà sì fara sin. Kí a má rò pé ti Akan nìkan ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, agunkẹ̀kẹ́ tí ó bá fẹ́ gun òkè Èkìtì láti Ìwàràjà yóò rí Efon lójú máàpù, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ fáwẹ̀lì. Ṣé ìlú Ẹ̀fọ̀n ni, àbí ẹfọ̀n inú igbó, àbí ẹ̀fọn tí ń jẹ ni ní òru?

Àwíjàre tí a lè ṣe ni pé irinṣẹ́ náà kò fún wa ní àyè. Àwíjàre yìí kò múná dóko. Àyè wà. Yàtọ̀ sí orúkọ tí ó wà lára pátákó, máàpù náà gba name:ak fún Akan, name:tw fún Twi, àti name:yo fún Yorùbá, ó sì gba ɔ àti ẹ̀ láìjanpata. Àwa ni a kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Orúkọ ìlú àti òkè tí a gbà sílẹ̀ wà nínú àpótí, nínú ìwé oyè tí kò sí agunkẹ̀kẹ́ tí yóò ṣí i láéláé.

Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni a dá lábàá. Èkíní, kí a fi ọrùn òkè pe ibi tí ọ̀nà gbé la àárín òkè méjì kọjá. A kò yá a lò lọ́wọ́ Látìn-ìn: èdè tí ó ní ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ ti ní ọrùn òkè nínú kí ó tó pè é. Èkejì, kí a má ṣe fi orúkọ yìí pe òkè Mampong àti ti Mpraeso. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kí a pe ìyẹn, kí a sì sàmì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti orí rẹ̀, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ èdè mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ sí ẹsẹ̀ òkè tí ó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Òfin máàpù náà kò gbà kí a da orúkọ kọ láti ara máàpù onímáàpù, nítorí náà ẹnu ọlọ́jà, ẹnu awakọ̀ àti ẹnu àgbà ni kí wọ́n ti gbà á. Kí wọ́n béèrè ibi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibi tí a ti ń sinmi, àti ibi tí a tún ti ń gùn ún, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí máàpù kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Òkè Mampong kò ní lọ síbì kankan. Àwọn tí ó mọ ohun tí à ń pè é ni kò ní dúró dè wá.