Àlejò Lójú: Àyẹ̀wò Ìròyìn àti Lẹ́tà Ọ̀dọ́ Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni Kan ní Ilẹ̀ Yúróòpù

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá gbà pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Àwọn kan náà ni wọ́n sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ẹni pé òwe méjèèjì tako ara wọn ni, bẹ́ẹ̀ wọn kò takora. Èkíní ń sọ ìdí tí ó fi yẹ kí ọmọ rin ìrìn-àjò. Èkejì ń kọ́ wa bí ó ti yẹ kí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nígbà tí ó bá padà dé. Ìròyìn náà ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi ilé sílẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni ní ilẹ̀ Yúróòpù: àwọn kan ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àwọn kan ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn mìíràn lóko. Àwọn ọmọ Yúróòpù fúnra wọn pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan nínú wọn parí iṣẹ́ láìkọ ìròyìn kan sílẹ̀. Àwa lámèyítọ́ kì í sábà ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kún lítíréṣọ̀. Lójú tiwa, lítíréṣọ̀ ni, nítorí pé ó ní asọ̀tàn, ó ní ẹ̀dá-ìtàn, ó ní ibùdó ìtàn, ó sì ní àhunpọ̀ ìtàn tí a lè tọpa rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí a ń kọ̀wé sí ni í pinnu ohun tí ojú àlejò yóò rí.

Ètò tí ó bí ìròyìn

Kì í ṣe òní ni irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1920, Pierre Ceresole, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kó àwọn ènìyàn díẹ̀ lọ sí Esnes, abúlé kan nítòsí Verdun nílẹ̀ Faransé, kí wọ́n lè bá àwọn ará ibẹ̀ tún ohun tí ogun bàjẹ́ ṣe. Àwọn ọmọ Jámánì wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ Jámánì ni ó bá Faransé jagun níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò pé ọdún kan tí ó fi dáwọ́ dúró, nítorí pé àwọn aláṣẹ àdúgbò kò fẹ́ rí ọmọ Jámánì sójú. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ Service Civil International ti jáde wá. Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni onílé ti ní ohùn, kódà nígbà tí ohùn náà kò dùn ún gbọ́. Ohùn onílé yìí ni a ó máa wá nínú àwọn ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1996 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ́kọ́ dán ètò European Voluntary Service wò. European Solidarity Corps ni ó gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2018. Ọ̀dọ́ tí ó wà láàárín ọdún 18 sí 30 ni ètò náà wà fún. Wọ́n ń fún un ní ilé, oúnjẹ àti owó ìnáwó kékeré. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 30 láàárín ọ̀sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 38 lọ. Láti ọdún 2007 ni ìwé-ẹ̀rí kan tí à ń pè ní Youthpass ti wà. Ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ohun tí ó kọ́ sínú rẹ̀ lábẹ́ ìsọ̀rí mẹ́jọ.

Èyí wúlò fún ọ̀dọ́ tí ó ń wá iṣẹ́, a kò sì ní in lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀: kí ni o kọ́? Kò béèrè pé: ta ni ó kọ́ ọ? Nípa bẹ́ẹ̀, asọ̀tàn di olú ẹ̀dá-ìtàn. Àwọn tí ó lọ ràn lọ́wọ́ di ibùdó ìtàn lásán. Ìdí nìyí tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fi máa ń jọra: ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo dé, ojú mi rí màbo nínú òtútù, mo ti di ènìyàn mìíràn kí n tó padà.

Ìwé méjì láti ọwọ́ ẹnì kan

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa rí lo oṣù méjìlá ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kan ní Jámánì, lábẹ́ ètò Bundesfreiwilligendienst. Ètò ìjọba ni èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2011, nígbà tí Jámánì dá iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn dúró, tí Zivildienst, iṣẹ́ tí àwọn tí kò fẹ́ gbé ìbọn ń ṣe dípò rẹ̀, sì kógbá sílé. Nígbà tí ọmọ wa padà dé, ó kó ìwé méjì fún wa, ó sì gbà kí a sọ̀rọ̀ lé wọn lórí láìdárúkọ òun. Èkíní ni ìròyìn olójú-ewé mẹ́rin tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ sí àwọn tí ó mú un lọ. Èkejì ni lẹ́tà mọ́kànlá tí ó fi èdè Yorùbá kọ sí ìyá rẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí kò gbà kí ọmọ òun máa fi tẹlifóònù nìkan kí òun.

Nínú ìròyìn, orúkọ kan ṣoṣo ni ó fi pe gbogbo àwọn tí ó tọ́jú: àwọn arúgbó. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n sùn, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ wa ní òun kọ́ ìfaradà àti ìbọ̀wọ̀ fún àṣà ẹlòmíràn. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ orúkọ Jámánì kúrò, tí a fi ti ilẹ̀ mìíràn rọ́pò, kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí yóò nílò àtúnṣe.

Ẹ wá wo lẹ́tà kejì. Ìyá arúgbó kan ni ó gba iwájú ìtàn. Láràárọ̀ ni ìyá yìí ń fi orúkọ ẹlòmíràn pe ọmọ wa. Ó kọ́kọ́ ń tún orúkọ náà ṣe fún un. Nígbà tí ó gbọ́ pé orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Nínú lẹ́tà yìí kan náà ni ó ti sọ bí ó ti wẹ̀ fún ìyá náà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ojú sì ti àwọn méjèèjì. Ìtọ́jú ara ni ìròyìn pe iṣẹ́ yìí. Nínú àṣà wa, ọmọ ni í wẹ̀ fún òbí tí agbára rẹ̀ ti tán. Nítorí náà, bí lẹ́tà ti sọ pé ó wẹ̀ fún ìyá, èdè ti fi asọ̀tàn sí ipò ọmọ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: àwọn ọmọ ìyá yìí dà?

Nínú lẹ́tà kẹta, ó dájọ́. Ó ní àwọn òyìnbó a máa pa ìyá wọn tì. Nínú lẹ́tà karùn-ún, ó yí ìdájọ́ náà padà. Ó ti wá mọ̀ pé ọmọkùnrin ìyá náà ń gbé ní ìlú tí ó jìnnà, pé alaalẹ́ ni ó ń pè é lórí tẹlifóònù, àti pé ìyá fúnra rẹ̀ ni ó yan ilé náà nítorí pé kò fẹ́ di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ wa bi ìyá tirẹ̀ léèrè pé ta ni ó wà lọ́dọ̀ wọn nílé nísinsìnyí. Ìbéèrè yìí ni góńgó lẹ́tà mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ọmọ ti dé oko bàbá ẹlòmíràn, ó sì ti bojú wẹ̀yìn wo oko bàbá tirẹ̀. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìròyìn, nítorí pé ẹni tí ó ń ka àṣeyọrí rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kì í ráyè sọ pé òun ti ṣi ènìyàn dá lẹ́jọ́.

Àwọn olùkọ́ èdè yóò tún fẹ́ fojú sí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Yorùbá ní èyí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fúnni; èdè Jámánì náà ya Sie sọ́tọ̀ sí du. Sie ni ọmọ wa ń pe àwọn arúgbó, ṣùgbọ́n du ni òun àti ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tí ó tó ìyá bí i, ń pe ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Láti lẹ́tà kìíní dé ìkẹrin, “wọ́n” ni ó lò fún ọ̀gá náà. Láti ìkẹfà, ó di “ó”. “Wọ́n” ni ìyá arúgbó ń jẹ́ títí dé òpin. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sì béèrè bóyá ọ̀gá náà ti di ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Lójú tiwa, òfin ọ̀wọ̀ ilẹ̀ àlejò ni ó ti wọ inú gírámà Yorùbá rẹ̀: ẹni tí Sie tọ́ sí di “wọ́n”, ẹni tí du tọ́ sí di “ó”. Ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi èyí hàn, nítorí pé kò ní irú arọ́pò-orúkọ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ohun tí ó ń ṣe gan-an tún jẹ́ ìṣòro fún un. Bí ó bá pè é ní iṣẹ́, àwọn ará ilé yóò máa retí owó. Bí ó bá pè é ní ìsìn, ìsìnrú ni yóò wá sí ọkàn wọn. Ó wá pe ara rẹ̀ ní àgùnbánirọ̀, orúkọ tí a mọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà nínú ètò NYSC tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Orúkọ náà bá a mu dé ìdajì: òfin ni ó rán àgùnbánirọ̀ ilé wa níṣẹ́, òun, ara rẹ̀ ni ó rán.

Ohun tí lẹ́tà fi pamọ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń sọ pé èdè abínibí kì í fi nǹkan pamọ́. Bàbá arúgbó kan wà ní ilé náà tí kò gbà kí ọmọ wa fọwọ́ kan òun nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ọmọ wa sọ ọ́ fún wa lẹ́nu. Nínú ìròyìn, ó di gbólóhùn kan ṣoṣo lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣòro, kíá ni ó sì ti yí i padà sí ẹ̀kọ́ nípa ìfaradà. Nínú lẹ́tà, kò sí rárá, kí ìyá má baà sunkún. Kò sì sọ fún ìyá bí owó ìnáwó rẹ̀ ti kéré tó. Ìwé kìíní sọ egbò di oyè. Ìwé kejì da aṣọ bò ó. Egbò náà gan-an kò sí nínú ọ̀kankan.

Àpẹẹrẹ láti Tógò

Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí àlejò kọ ìwé tí kò ní fi ara rẹ̀ pamọ́, tí kò sì ní pa onílé lẹ́nu mọ́? Tété-Michel Kpomassie, ọmọ ilẹ̀ Tógò, ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe olùyọ̀ǹda-ara-ẹni. Aláàárẹ̀kiri tí ó ń ṣiṣẹ́ jẹun lọ́nà ni. Ìwé kan tí ó rí ní Lomé nígbà èwe rẹ̀ ni ó mú un fẹ́ dé Greenland, ilẹ̀ yìnyín tí ó wà lábẹ́ Denmark. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lójú ọ̀nà, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ní Yúróòpù, kí ó tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1965. Ìwé rẹ̀, L’Africain du Groenland, jáde ní ọdún 1981.

Ohun tí ó mú ìwé yìí yàtọ̀ ni pé onílé ní orúkọ nínú rẹ̀. Kpomassie kò fi ọtí àmujù àwọn tí ó gbà á sílé pamọ́, kò sì fi oore wọn pamọ́. Ní Upernavik, ó gbé lọ́dọ̀ àgbàlagbà kan, Robert Mattaaq, ẹni tí ó fi ojú-ewé ìwé ìròyìn bo ògiri ilé rẹ̀, tí ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ ayé láìkúrò nílé. Níbẹ̀ ni àlejò ti rí i pé onílé náà ti ń wo ayé kí òun tó dé. Àléébù kan ni pé èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, Paris ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará Greenland ní ohùn nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé rẹ̀ kò rí i kà ní èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn Yorùbá fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ oko. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ni ó bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́, tí ó sì fún wọn ní oúnjẹ. Nínú àáró, mo bá ọ ro tìrẹ lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Ìròyìn ka iṣẹ́ ọmọ wa sí ọ̀wẹ̀: ó ṣe iṣẹ́, ó jẹun, ó gba ìwé-ẹ̀rí. Lẹ́tà fi hàn pé àáró ni: ó wẹ̀ fún ìyá, ìyá sì fún un ní ìbéèrè tí ó gbé wá sílé. Àwọn aláṣẹ náà pẹ́ kí wọ́n tó rántí àáró. Ọdún 2008 ni Jámánì bẹ̀rẹ̀ ètò weltwärts láti rán àwọn ọ̀dọ́ tirẹ̀ lọ sí Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Ọdún 2013 ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà nínú ètò náà kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wọ̀nyẹn lè máa bọ̀.

Ohun tí a fi lọ ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìwé kẹta. Kí wọ́n fi èdè abínibí wọn kọ ọ́, kì í ṣe sí ilé iṣẹ́, kì í ṣe sí ìyá, bí kò ṣe sí ẹgbẹ́ wọn tí ó kàn láti lọ. Kí onílé sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kí akọ̀wé sọ ìdájọ́ kan tí ó ti dá tí ó sì ti yí padà. Kí ó sọ ohun tí kò lè sọ fún ìyá.

Ní ti ìbéèrè inú lẹ́tà karùn-ún, ìyá náà dáhùn rẹ̀. Ó ní ọmọ aládùúgbò ni ó ń bá òun pọnmi, òun náà sì ń bá a wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ó bi ọmọ yẹn léèrè ohun tí ó kọ́, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ìròyìn lé e lórí. Ìwé kẹta tí à ń wí yìí gbọ́dọ̀ ní àyè fún òun náà.