Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Nípa Àìná Ọnàbólú àti Ètò Àwòrán

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi kan Àìná Ọnàbólú, pé ó kọ iṣẹ́ ọnà àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ ń fara wé òyìnbó. Ó tọ́ lójú wa kí a tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Ní ọdún 1882 ni a bí i ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò rí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní àwòrán yíyà. Àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó ń wò, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ní ọdún 1906, ní Èkó, ó fi ọ̀dà olómi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ọdún 1920 ni ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kíyèsí i: ọdún 14 ni iṣẹ́ náà fi ṣáájú ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà náà àwọn òyìnbó kan ń wí pé ọmọ dúdú kò lè ya àwòrán ènìyàn bí ó ti rí; iṣẹ́ yìí ni ó fi dá wọn lóhùn.

Nígbà tí ó padà dé ní 1922, kí ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó? Ó kọ́ wọn bí ojú ti ń ríran. Ẹni tí ó bá dúró láàárín ojú irin rélùwéè yóò rí irin méjèèjì bí ẹni pé wọ́n pàdé lọ́hùn-ún. Bí ó bá sì rìn dé ibẹ̀, àlàfo wọn kò dín rárá. Nítorí náà ni ayàwòrán ṣe ń mú ohun tí ó jìnnà kéré, tí ó sì ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, kí òjìji má bàa bọ́ sí ibi tí kò yẹ. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó mú kí wọ́n máa pè é ní Mr. Perspective.

Ṣùgbọ́n ètò mìíràn wà. Agbẹ́gilére wa a máa gbẹ́ orí tóbi ju bí ó ti yẹ ara lọ, kì í ṣe nítorí àìmọ̀, bí kò ṣe pé orí ni olórí ara. Ètò ti Ọnàbólú tẹ̀lé ojú. Ètò ti agbẹ́gilére tẹ̀lé ọlá. Àléébù Ọnàbólú, lójú wa, ni pé ó gbé èkíní ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ lè fi èkejì rẹ́rìn-ín.

Kenneth Murray, tí ó dé ní 1927, fà sí ìhà kejì: iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ni ó fẹ́ kí àwọn ọmọ tẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ rere ni. Síbẹ̀, bí a bá fi ohun tí a ń kọ́ ọmọ òyìnbó du ọmọ tiwa, àǹfààní ta ni?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó ya ìjókòó láti ẹnu ọ̀nà títí dé pẹpẹ, bí wọ́n ti ń kéré sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mú un lọ wo òpó gbígbẹ́ kan, kí ẹ sì bi í léèrè ìdí tí orí fi tóbi. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn méjèèjì ni a ti kọ́.