Ìṣirò Tí Oníkòkó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣírò bákan náà. Ẹnìkan á yọ ìwọ̀n àpò nìkan kúrò, ẹlòmíì á tún yọ ti omi tó ṣì wà lára kòkó. Iye tí wọ́n ń rà á lè yí padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe fún irú wọn l'Óṣogbo, bẹ́ẹ̀ ọmọ Òṣómàáló kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré. Bí mo bá kan ìlànà ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ inú kóòdù, èmi ni wọn ó máa pè nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí i padà.

Nítorí náà, mo ní kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́:

(ìwọ̀n - àpò * 1.2) * owó

Ọ̀rọ̀ lásán lèyí lójú kọ̀ǹpútà. Láíbìrì, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, ló ń sọ ọ́ di náírà.

Ọ̀nà àbùjá wà o. Python, èdè tí mo fi ń kọ ètò, ní eval, tó ń ṣe ohunkóhun tí a bá kọ fún un, ohunkóhun yẹn gan-an sì ni ìjàǹbá rẹ̀. Ẹni tó bá kọ àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́ síbẹ̀, eval á bá a pa fáìlì náà rẹ́. Simpleeval ni láíbìrì tí mo ń lò ní tèmi. Àmì ìṣirò, iṣẹ́ kéékèèké díẹ̀ àti orúkọ tí mo bá fún un ló mọ̀. Bí o bá kọ 9**9**9, á kọ̀ jálẹ̀, ó sì jàre: ìdáhùn rẹ̀ gùn ju dígíìtì mílíọ̀nù 369 lọ.

Bí a ṣe ń ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Nínú 2 + 3 * 4, bí o bá rí àmì àròpọ̀, o ò tíì gbọ́dọ̀ ro nǹkan kan pọ̀. Àmì ìsọdipúpọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lágbára jù ú lọ. Lọ́dún 1961, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ṣàlàyé ọ̀nà kan tí wọ́n fi ibi ìto-wágọ́ọ̀nù rélùwéè sọ lórúkọ. Kí ará Òṣogbo ronú kan stéṣọ̀n wa: nọ́ńbà ń kọjá lọ tààrà, àmì ń yà sórí irin ẹ̀gbẹ́ láti dúró. Bí àmì tuntun bá dé tí kò lágbára ju èyí tó ń dúró lọ, èyí tó ń dúró á kọ́kọ́ jáde. Àkámọ́ tó bá ṣí á dá àwọn àmì tó ṣáájú rẹ̀ dúró títí a ó fi pa á dé. Python fúnra rẹ̀ ló ń bá simpleeval tú gbólóhùn, ọ̀nà tirẹ̀ sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ti Dijkstra ni mo fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, torí bírò àti bébà ti tó láti fi ṣe é.

Agbára àmì kì í sì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Excel ní 4 ni -2^2. Python ní -4 ni -2**2. Ẹni tó bá gbé ìṣirò ti Excel wá, mo máa ń ní kó fi àkámọ́ sí i.

Python 3 tún gba orúkọ tó ní àmì ohùn, ìyẹn sì wú mi lórí. Ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀: fóònù kan lè fi ò ránṣẹ́ bí ẹyọ lẹ́tà kan, òmíràn á fi lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Python ń sọ orúkọ inú ìṣirò di ìrísí kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní NFKC, ṣùgbọ́n kì í bá mi ṣe ti àtòjọ orúkọ tí mo fún láíbìrì. Èmi ni mo ń ṣe ìyẹn. Mo sì ń gba iwon àti owo láìsí àmì pẹ̀lú. Ta ni yóò máa wá àmì ohùn lórí fóònù nígbà tí ọkọ̀ tó fẹ́ kó kòkó lọ ti ń fọn fèrè?