Ipa Kámẹ́rà, Ìmọ́lẹ̀, Títò Àwòrán àti Ìró nínú Ìbẹ̀rẹ̀ Fíìmù: Àyẹ̀wò Touch of Evil (1958 àti 1998)

Ìfáárà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá kan ṣe lámèyítọ́ fíìmù, ohun tí a máa ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà ju ìtàn lọ: ta ni olú ẹ̀dá ìtàn, kí ló ṣe, ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́, òwe mélòó ló jẹ yọ. Mo ti máàkì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjẹ́wọ́ ni mo sì ń ṣe bí mo bá sọ pé èmi gan-an ni mo kọ́ wọn láti máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà kò burú, àmọ́ ẹni tó ka ìwé eré nìkan, tí kò fojú kan fíìmù rẹ̀ rí, lè kọ ọ́ kó sì gba máàkì tó dára. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń jà fún ni pé lámèyítọ́ tí a lè kọ láìwo fíìmù kì í ṣe lámèyítọ́ fíìmù.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ni ibi tí ó rọrùn jù láti fi èyí hàn. Níbẹ̀, òǹwòran kò tíì mọ ẹnikẹ́ni, kò sì tíì mọ ìtàn kankan. Bí ẹ̀rù bá bà á, bí inú rẹ̀ bá dùn, bí ó bá fura, kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà to àwòrán àti ìró ló fi í sí i lọ́kàn. Fíìmù tí mo yàn kì í ṣe ti Yorùbá. Touch of Evil ni, èyí tí Orson Welles darí ní Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ Universal sì gbé jáde ní 1958. Mo yàn án nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀dà méjì, tí àwòrán wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí ìró wọn yàtọ̀ síra. Olùkọ́ kì í sábà rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀dà méjì ṣe wáyé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957 ni Welles ya fíìmù yìí. Àdúgbò Venice ní Los Angeles, California, ni wọ́n lò bí ẹni pé ìlú ẹnubodè Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà ni. Kó tó parí iṣẹ́ títò àwòrán ni àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ gba fíìmù náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíràn láti tún ya àwọn ibì kan. Nígbà tí Welles wo ohun tí wọ́n ṣe, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà olójú-ewé 58 sí Edward Muhl tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ní oṣù Kejìlá 1957. Ó ṣàlàyé ibi tó yẹ kí wọ́n ti gé àwòrán, ibi tó yẹ kí orin ti dákẹ́, àti irú orin tó yẹ kó wà níbẹ̀rẹ̀. Wọn kò ṣe púpọ̀ nínú ohun tó sọ. Welles kú ní 1985. Ní 1998 ni Walter Murch tún fíìmù náà tò, tó fi lẹ́tà yẹn ṣe amọ̀nà. Rick Schmidlin ni ó ṣe agbátẹrù iṣẹ́ náà.

Kámẹ́rà tó gbéra nílẹ̀

Ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ ènìyàn. Ọwọ́ náà di bọ́ǹbù mú, ó sì ń yí ojú aago tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀rín obìnrin kan dún láti òkèèrè, kámẹ́rà yíjú síbẹ̀: ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń bọ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó. Ẹni tó di bọ́ǹbù mú sáré gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi í sínú búùtù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì pòórá. Àwọn méjèèjì dé, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n wà á lọ. Orí kérénì ni kámẹ́rà wà. Ó ga sókè kọjá òrùlé ilé, ó rí ọkọ̀ bó ṣe ń ti ẹ̀yìn ilé yọ, ó sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, ó sì ń fà sẹ́yìn bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀.

Ọlọ́pàá dá ọkọ̀ náà dúró kí àwọn ẹlòmíràn lè kọjá. Níbí ni a ti rí tọkọtaya mìíràn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn: Vargas, òṣìṣẹ́ ìjọba Mẹ́síkò tó ń gbógun ti àwọn tó ń ta oògùn olóró, àti Susan, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Charlton Heston ló ṣe Vargas. Aláwọ̀ funfun tí wọ́n kun láwọ̀ ni, ọ̀rọ̀ sì wà nínú ìyẹn fún bébà mìíràn. Janet Leigh ló ṣe Susan. Láti ìsinsìnyí, àwọn méjì yìí ni kámẹ́rà ń bá rìn. Ó já ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tún bá wọn. Ewúrẹ́ dí i lọ́nà, wọ́n tún ṣíwájú rẹ̀. Wọ́n jọ dé ẹnubodè. Obìnrin inú ọkọ̀ ń ráhùn fún ẹ̀ṣọ́ bodè pé nǹkan kan ń dún kì-kì-kì lórí òun; kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọkọ̀ kọjá. Vargas àti Susan dúró láti fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, bọ́ǹbù sì bú gbàù.

Ká ní ọkọ̀ yẹn nìkan ni kámẹ́rà tẹ̀ lé, ẹ̀rù wa ì bá mọ lórí àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀, àwọn tí a kò mọ̀, tí a kò sì ní ráyè mọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé kámẹ́rà ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó tún ń bá a pàdé, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá sún mọ́ Vargas àti Susan ni àyà wa ń já. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú gbogbo èrò ojú títì yẹn. Àwa nìkan la mọ̀. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè ní ìfojúsọ́nà nìyí, tí wọ́n kàn máa ń kọ pé ó wà nínú ìtàn. Kò sí nínú ìtàn. Ìtàn náà kò ju gbólóhùn kan lọ: wọ́n fi bọ́ǹbù sínú ọkọ̀, ó sì bú. Ìrìn kámẹ́rà ló dá ìfojúsọ́nà sílẹ̀.

Ojú tí ìmọ́lẹ̀ kò tàn sí

Dúdú àti funfun ni fíìmù yìí. Russell Metty ló bójú tó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ojú títì gidi ni wọ́n sì ti yà á, ní òru. N kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a kíyè sí. A rí ọwọ́ ẹni tó gbé bọ́ǹbù, a rí òjìji rẹ̀ tó tóbi fàkìà lára ògiri bó ṣe ń sáré, ṣùgbọ́n a kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi pa á mọ́. Ní gbogbo ìyókù fíìmù, Quinlan, ọlọ́pàá Amẹ́ríkà tí Welles fúnra rẹ̀ ṣe, ń lépa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sanchez, ó sì lọ gbé ẹ̀rí irọ́ sínú ilé rẹ̀. Títí dé ìparí ni a kò mọ̀ bóyá Sanchez ló ṣe é, àfìgbà tí wọ́n ròyìn pé ó ti jẹ́wọ́. Bí iná kan bá tàn sí ojú yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, gbogbo ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e ti tú.

Àwòrán tí wọn kò gé

Láti ìgbà tí ọwọ́ yí aago títí di ìgbà tí ọkọ̀ bú, wọn kò gé àwòrán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn kan á sọ pé tí kò bá sí gígé, kò sí iṣẹ́ títò àwòrán níbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè gé, tó wá kọ̀ tí kò gé, ti ṣe iṣẹ́.

Àkọ́kọ́, aago tí a rí níbẹ̀rẹ̀ ń lọ ní tòótọ́. Bí wọ́n bá gé àwòrán, wọ́n lè fa àkókò gùn tàbí kí wọ́n gé e kúrú. Nígbà tí wọn kò gé, ìṣẹ́jú mẹ́ta tiwa ni ìṣẹ́jú mẹ́ta bọ́ǹbù. Èkejì, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù: wọ́n gba ẹnubodè kọjá láìgé. Mẹ́síkò ni wọ́n ti gbé bọ́ǹbù sínú ọkọ̀, Amẹ́ríkà ló ti bú, ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè méjì fi ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí fíìmù fi parí. Òfin sọ pé ìlà kan wà láàrin ibí àti ọ̀hún. Kámẹ́rà kò mọ ìlà kankan. Ìgbà tí iná sọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé àwòrán fún ìgbà àkọ́kọ́, kámẹ́rà tó sì ti ń fò lọ jẹ́jẹ́ wá di èyí tí a gbé lọ́wọ́, tó ń gbọ̀n bó ṣe ń bá àwọn èèyàn sáré.

Ìró méjì

Nínú ẹ̀dà 1958, orin Henry Mancini ló bo gbogbo ìrìn yìí. Ìlù bóńgò ń dún wìrìwìrì lábẹ́, fèrè ń ké lórí, orúkọ àwọn òṣèré àti òṣìṣẹ́ sì ń kọjá lójú àwòrán. Orin tó dára ni. Ẹsẹ̀ mi kì í gbé jẹ́ẹ́ bí mo bá ń gbọ́ ọ. Bóńgò yẹn ń ṣe iṣẹ́ aago bọ́ǹbù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan ní ìlú yẹn tó ń gbọ́ orin náà. Àwa tí a jókòó níwájú sinimá ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, ohun tó sì ń sọ fún wa ni pé fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó ń kọjá tún ń sọ nǹkan mìíràn: pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ tán. Ojú wa ń ka orúkọ, a sì gbàgbé búùtù.

Nínú ẹ̀dà 1998, Murch kó gbogbo orúkọ lọ sí ìparí, ó sì yọ orin Mancini kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Welles ṣe béèrè nínú lẹ́tà rẹ̀. Ohun tí a ń gbọ́ báyìí ni ìlú. Orin ń tú jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé ọtí kan. Bí kámẹ́rà ṣe ń kọjá ló ń lọ sílẹ̀, tí orin ilé ọtí kejì sì ń gorí rẹ̀. Ẹsẹ̀, ewúrẹ́, ohùn èrò, gbogbo rẹ̀ wà ní àyè rẹ̀. Rédíò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà ní orin tirẹ̀. Èyí ló yí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù padà pátápátá. Tí ọkọ̀ bá kúrò lójú àwòrán, tí Vargas àti Susan ń ṣeré lọ, rédíò yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn, a sì mọ̀ pé bọ́ǹbù ń bọ̀. Etí ló ń rí ọkọ̀ nígbà tí ojú kò rí i.

Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti wo Saworoidẹ (1999) tí Túndé Kèlání darí, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ eré rẹ̀, ti mọ̀ pé ìró lè gbé ikú dání: gbogbo fíìmù náà ló ń dúró de ìgbà tí ìlù kan máa dún. Kèlání ti jẹ́ ayàwòrán kó tó di adarí, ó sì hàn. Síbẹ̀, lámèyítọ́ tí a ń kọ lórí fíìmù yẹn lọ́dọ̀ wa, orí oyè àti ìṣèlú ló máa ń parí sí. Ìlù di àmì, kò dún.

Lójú tèmi, ẹ̀dà 1998 ló dára jù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra bí a bá ń pè é ní ẹ̀dà Welles. Ẹni tó kọ lẹ́tà ti kú ní ọdún 13 ṣáájú. Ọwọ́ Murch ló yan orin, etí Murch ló sọ bó ṣe máa ga tó. Bákan náà, nǹkan kan sọnù: ìgbóná tó wà nínú ìlù Mancini kò sí mọ́, òǹwòran tí kò fetí sílẹ̀ sì lè máa rò pé ariwo ọjà lásán ni òun ń gbọ́.

Ohun kan wà tí ìyípadà kò kàn. Nínú ẹ̀dà méjèèjì, ìró ìbúgbàù ló kọ́kọ́ dé. Ẹnu tọkọtaya yẹn ṣì wà lára ara wọn nígbà tí a gbọ́ ọ. Wọ́n yíjú, lẹ́yìn náà ni a tó rí iná.

Ní kíláàsì

Mo ti lo ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí ní kíláàsì, láìsí ẹ̀rọ agbáwòrán sára ògiri àti láìsí iná mànàmáná tó ṣe é gbára lé. Fóònù kan àti gbohùngbohùn kékeré tó. Mo pín kíláàsì sí méjì. Ìdajì ń wo àwòrán, mo sì pa ohùn. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí. Ìdajì kejì kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n gbọ́ ẹ̀dà 1998 láìwò ó, wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Mo kọ̀ fún wọn láti lo ọ̀rọ̀ bí "kókó" àti "ẹ̀kọ́" nínú ohun tí wọ́n ń kọ. Ìnira gbáà ni fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí wọ́n wá ka iṣẹ́ wọn síta, àwọn tó wo àwòrán láìgbọ́ ìró sọ pé ọkọ̀ náà pòórá fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi tún yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan láàrin àwọn tó kọ ẹ̀yìn síbẹ̀ sọ pé rárá o, kò lọ síbì kan. Ó ní orin kan wà tó ń lọ tó ń bọ̀, tí kò dúró sójú kan bíi ti àwọn yòókù, àti pé ìgbà mẹ́ta ni òun gbọ́ ọ tó sún mọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Kò tíì rí ọkọ̀ kankan nígbà tó sọ èyí.