Ojú Ta Ló Ya Fọ́tò Yìí?

Ẹni tó bá lówó lè ra kámẹ́rà. Ó lè ra lẹ́ńsì tó gùn bí apá ọmọdé. Ó tún lè sanwó fún ẹni tí yóò mú un dé ibi tí òkè ti dára jù, tí ewé ti pọ́n jù, ní wákàtí tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọn kì í tà lọ́jà, ojú ni. Ọ̀rọ̀ ojú yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ, nítorí fọ́tò méjìlá kan tó dé ọwọ́ mi.

Àbúrò ìyàwó mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló fi wọ́n ránṣẹ́. Ó lọ sí kíláàsì ọlọ́jọ́ márùn-ún kan tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ti ń ya fọ́tò òkè àti odò, ní ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Grand Teton, ní ìpínlẹ̀ Wyoming. Ó san ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ, owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti hòtẹ́ẹ̀lì kò sí níbẹ̀ o. Ó fẹ́ fi àwọn fọ́tò náà ṣe kàlẹ́ńdà tí yóò máa tà, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fọ́tò tirẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ má pọ́n mi lé o, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ sọ." Mo bi í bóyá mo lè sọ ọ́ síta nínú ìwé, ó ní kò burú. Ohun tí mo rí náà nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ibẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn òkè Teton kò rọra ga láti ìsàlẹ̀ bí àwọn òkè mìíràn. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ óò máa wò lọ, àfi gbàgà, òkè ti dúró síwájú yín bí ògiri. Èyí tó ga jù nínú wọn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 13,775, ó sì fi bí ẹsẹ̀ bàtà 7,000 ga ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lọ. Odò Snake ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ nísàlẹ̀. Ìhà ìlà-oòrùn ni ojú òkè náà kọ sí, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ń mọ́, ṣóńṣó òkè ni oòrùn kọ́kọ́ ń kàn. Yóò pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lókè, pípọ́n náà yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láti ìparí oṣù September sí ìbẹ̀rẹ̀ October, ewé igi aspen àti ti igi cottonwood etí odò yóò pọ́n bí ìyeyè. Kì í ṣe pé àwọ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú wọn. Àwọ̀ ìyeyè yẹn ti wà nínú ewé tẹ́lẹ̀, àwọ̀ tútù ló bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán bá ń kúrú tí òtútù sì ń wọlé, àwọ̀ tútù a parẹ́, èyí tó ti wà lábẹ́ a wá hàn síta. Kì í pẹ́ tí ẹ̀fúùfù fi ń gbọ̀n ọ́n dànù. Ìdí nìyí tí àwọn ayafọ́tò fi ń ya lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn bí ẹni ń lọ ọjà ọdún.

Fọ́tò tó fẹ́ lò fún oṣù kìíní, ibi tí odò Snake ti tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Oxbow Bend, ló ti yà á. Òkè Moran ń wo ara rẹ̀ nínú omi bí ìyàwó tuntun nínú dígí, ewé aspen sì tò sí ẹ̀bá odò. Fọ́tò náà kò ní àbùkù. Etí omi gún régé, ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ jù, kò kéré jù. Mo wò ó títí, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, n kò rí. Kí ló fà á? Mo ti rí fọ́tò yẹn rí! Mo ti rí i lórí kàlẹ́ńdà, mo ti rí i lára ògiri hòtẹ́ẹ̀lì, mo ti rí i lórí kọ̀ǹpútà. Òkè kan náà, omi kan náà, ewé kan náà. Ọwọ́ tó yà á nìkan ló ń yàtọ̀, ọwọ́ kì í sì í hàn nínú fọ́tò.

Nígbà tí mo bi àbúrò yìí bí wọ́n ṣe ń ṣe kíláàsì náà, ọ̀rọ̀ yé mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń jí wọn. Wọn a wọ ọkọ̀, wọn a dé ibi tí olùkọ́ ti mọ̀ láti ọdún tó ti pẹ́. Olùkọ́ a ní, "Ẹ gbé kámẹ́rà yín lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ dúró síbí." A sọ iye tí wọn yóò yí kámẹ́rà sí. A ní, "Ẹ ní sùúrù, ó kù díẹ̀... Ó yá!" Kámẹ́rà mẹ́wàá a sì dún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá ń béèrè, ẹ̀yin èèyàn mi: ta ló ya fọ́tò náà? Ṣé ẹni tó tẹ bọ́tìnnì ni, àbí ẹni tó ní ó yá?

N kò bú olùkọ́ o. Kí ó tó lọ síbẹ̀, gbogbo fọ́tò àbúrò yìí ló máa ń dagun, ojú ọ̀run inú wọn a sì funfun bí ìwé. Lónìí, ó ti mọ bí a ti ń dúró de ìmọ́lẹ̀, ó ti mọ bí ọwọ́ kò ṣe ní gbọ̀n nínú òtútù. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwòkọ́ṣe ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Nílé wa níbí, ọmọ iṣẹ́ fọ́tò a gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, a to àga, a di iná mú fún ọ̀gá, a sì máa wo ọwọ́ ọ̀gá fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá to ìyàwó àti ọkọ, tó yí iná síbi tó yẹ, tó wá ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹ kámẹ́rà, ọmọ iṣẹ́ náà kì í gbé fọ́tò yẹn kiri pé iṣẹ́ òun rèé.

Àlébù kejì tún wà. Fọ́tò oṣù kẹrin jẹ́ ti abà onípákó kan, òkè sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pọ́n. Abà yẹn lókìkí gan-an láàárín àwọn ayafọ́tò. Nínú fọ́tò tí mo rí, ó dà bí nǹkan ìṣeré tí ọmọdé gbàgbé sórí pápá. Bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn gbé ibẹ̀! Àwọn ọmọ ìjọ Mormon ló bẹ̀rẹ̀ sí í dáko níbẹ̀ láti bí ọdún 1890 lọ. Thomas Alma Moulton àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló kọ́ abà náà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbẹ̀ yẹn gbẹ́ ilẹ̀ kí omi lè ṣàn dé oko wọn, omi sì ń gba inú àwọn kòtò kan níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọn di ti ọgbà ìjọba. Mo bi àbúrò yìí bóyá ó rí kòtò omi kankan. Ó ní àwọn kò rìn débẹ̀, pé bí oòrùn ṣe kúrò lórí òkè ni wọ́n ti kó sínú ọkọ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àṣé èèyàn lè sanwó kí wọ́n sọ òun di irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ ń fa ọ̀pọ̀ ayafọ́tò lọ sí Teton ni Ansel Adams, ọmọ San Francisco, tí wọ́n bí ní 1902, tó sì kú ní 1984. Ní 1941, ìjọba Amẹ́ríkà gbéṣẹ́ fún un pé kó ya fọ́tò àwọn ọgbà ìjọba. Ní 1942, ó dúró sórí ibi gíga kan, ó ya òkè Teton àti odò Snake. Fọ́tò yẹn wà lára àwòrán tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ Voyager tó lọ sí gbangba òfuurufú ní 1977. Dúdú àti funfun lásán ni. Kò sí ewé ìyeyè kankan nínú rẹ̀.

Báwo ni ọkùnrin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ gbọ́ èyí. Ní 1927, ní Yosemite ní California, ó gun òkè lọ ya àpáta ńlá tí wọ́n ń pè ní Half Dome. Awo gíláàsì ló ń lò bíi fíìmù nígbà náà, méjì péré ló sì kù sí i lọ́wọ́. Ó fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè bo ojú lẹ́ńsì, ó ya ọ̀kan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn òun nìyẹn. Ó yọ ọ́, ó fi èyí tó pupa sí i kí ojú ọ̀run lè ṣú dùdù, ó fi awo tó gbẹ̀yìn ya àpáta náà. Èyí ló sọ ọ́ di olókìkí. Kò sí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ pé ó yá. Adams fúnra rẹ̀ ṣe kíláàsì ní Yosemite ní 1940, ó sì ń ṣe é lọ́dọọdún láti 1955. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kí ayafọ́tò ti rí fọ́tò náà lọ́kàn kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Ibi tí Adams dúró sí yẹn ni wọ́n kó àwọn àbúrò wa lọ ní ọjọ́ kẹrin. Àmọ́ igi kì í dúró de èèyàn. Láti 1942, àwọn igi ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti ga, wọ́n ti bo ibi tí odò ti tẹ̀. Gbogbo kíláàsì ń kùn. Olùkọ́ ní kí wọ́n gbé lẹ́ńsì sókè díẹ̀ kí igi má baà wọ inú rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́tò oṣù kẹsàn-án nìyẹn. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo fọ́tò oṣù kejìlá. Ó ní nígbà tí àwọn yòókù ń palẹ̀ mọ́, òun kàn yí kámẹ́rà sí àwọn igi náà, pé fọ́tò òun kò pé méjìlá lòun ṣe fi kún un. Igi dúdú ló kún un, wọ́n dúró ṣinṣin bí èrò tó dí ojú ọ̀nà. Láàárín méjì nínú wọn, odò ń dán, tín-ín-rín bí abẹ́. Òkè kò hàn ju èjìká kan lọ. Etí rẹ̀ kan ṣókùnkùn jù, mo gbà. Síbẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà kankan rí. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sá fún ló kọjú sí. Bí mo ti ń wò ó, mo mọ iye ọdún tó ti kọjá láti ìgbà Adams, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á fún mi. Mo rí ọ̀rọ̀ kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kíákíá: "Igi náà ń dàgbà."

Ẹnìkan lè ní, "Oníwèé-ìròyìn, ẹni tó ń ra kàlẹ́ńdà kò béèrè ojú ta. Kó ṣáà ti dùn-ún wò." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn-ún wò ti kún ọjà, ó sì wọ́n ní pọ́ọ́kú. Kí ni yóò mú oníbàárà fi ti ẹgbẹ̀rún èèyàn sílẹ̀, kó wá ra ti àbúrò mi?

Ẹni tó bá ń múra àtilọ sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn mi rèé. Kó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kó tó sanwó: wákàtí mélòó ni ẹ óò fi mí sílẹ̀ kí n dá rìn? Ṣé ẹ óò bá mi wo èyí tí mo fúnra mi yàn, kẹ́ ẹ sọ ibi tó kù sí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ibi tó lókìkí nìkan ni wọ́n ń kó èèyàn lọ, kó mọ̀ pé ìrìn-àjò ìgbafẹ́ lòun ń rà. Ìgbafẹ́ dára, kì í ṣe iṣẹ́ ni.

Ní ti àbúrò ìyàwó mi, mo ní kó fi kàlẹ́ńdà sílẹ̀ lọ́dún yìí. Kó fi fírémù sí fọ́tò oṣù kejìlá, kó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mọ́kànlá tó kù, kó má jù wọ́n nù. Ìwé tí ọmọ fi kọ́ ABD ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kì í jù ú nù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gbé e kọ́ fún àlejò wò.