Ojú Tí A Fi Ń Yan Òkúta Ìbọn

Bí ọdẹ bá gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ wá sí àgbẹ̀dẹ wa ní Ìlá Ọ̀ràngún, tó ní ìbọn ọ̀hún kò dún mọ́, ẹ̀tù ló máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀tù, á ní ihò ìbọn ló dí. Bí kò bá jẹ́ ihò, á ní àwọn ayé ló ti wí nǹkan sí i. Èmi kì í bá a jiyàn. Òkúta ìbọn náà ni mo máa ń tú wò kí n tó wo ohunkóhun mìíràn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ń rọ irin, mo ń gbẹ́ igi ìdí ìbọn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ tó so mọ́ ìbọn, kò sí èyí tí ọkàn mi fà sí bíi kí n jókòó ti òkúta, kí n máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú òkúta ni iná ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ló ń jó. Bí a bá fa ìbọn, apá tó gbé òkúta á já wá síwájú, ẹnu òkúta á fá ojú irin tó dúró dè é. Ohun tó bá fá kúrò lára irin, bó ti wù kó kéré tó, á ti gbóná débi pé bí atẹ́gùn bá ti kàn án, ó gbiná nìyẹn. Irin tó ń jó yẹn ló ń já sínú àwo ẹ̀tù. Ẹ̀tù inú àwo á gbiná, iná á sì gba ihò kékeré wọlé lọ bá ẹ̀tù tí a kì sínú ìbọn. Nítorí náà, ohun méjì ni mò ń wá lára òkúta: kó le ju irin lọ, kí ẹnu rẹ̀ sì mú. Òkúta odò tí omi ti fọ̀ tó ń dán lè le bó ti lè le, kò ní fá nǹkan kan.

Ojú la kọ́kọ́ fi ń yàn. Oòrùn àárọ̀ ni mo máa ń gbé òkúta sókè sí, nítorí oòrùn ọ̀sán a máa pa ojú. Òkúta tó dára, ìmọ́lẹ̀ á yọ díẹ̀díẹ̀ ní etí rẹ̀ tó tín-ín-rín. Bí mo bá rí àmì funfun tó ṣù jọ nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò ti fọ́. Bí ìlà kan bá gba àárín rẹ̀ kọjá, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn ojú, ó kan etí. Mo máa ń gbé òkúta lé orí ìka, kí n fi irin kékeré kàn án: èyí tó lera, ohùn rẹ̀ á mọ́, èyí tó ti sán nínú á dún bí ìkòkò tó ti sán. Ọwọ́ ló kẹ́yìn. Màá fi èékánná fa ẹnu òkúta. Bí èékánná bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, òkúta náà ti kú. Bó bá há èékánná, tèmi ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ sábà máa ń bi mí pé, “Bàbá, ṣé èyí tó dúdú ló dáa ni, àbí èyí tó pọ́n?” Èsì mi kì í yí padà: àwọ̀ kọ́ ló ń yin ìbọn. Mo ti rí dúdú tó jẹ́ yẹ̀yẹ́, mo sì ti rí pupa tó ń tú iná sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ìwọ̀n ló tún kù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í ní sùúrù. Òkúta kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ojú irin tó fẹ́ fá lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ha ìbọn lára. Bí a bá fa apá ìbọn dé ìdajì, kí ẹnu òkúta sún mọ́ irin láìkàn án. Ó gbọ́dọ̀ bá irin pàdé lókè, kó sì fá a wálẹ̀; èyí tó bá bá a pàdé nísàlẹ̀ kò ní àyè tó lè fá. Ikùn òkúta gbọ́dọ̀ tẹ́jú kó lè jókòó. Awọ la sì fi ń wé e kí irin tó dì í mú, torí pé bí irin bá di òkúta mú lásán, òkúta á yọ̀ tàbí kó sán. Awọ ewúrẹ́ ti tó. Awọ tó nípọn jù a máa jẹ́ kí òkúta mì, òkúta tó bá sì ń mì, iná rẹ̀ kì í pọ̀.

Òkúta gidi lè yin ìbọn ju ogún ìgbà lọ kó tó béèrè àtúnṣe. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, a ń fi irin kékeré tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, kí ègé wẹ́wẹ́ máa jábọ́ títí ẹnu tuntun á fi yọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe é nígbà tí ẹ̀tù bá wà nínú ìbọn o.

Èyí tó dúdú lára òkúta tó wà lápò àwọn bàbá wa, Brandon ni orísun rẹ̀ tó lókìkí jù, ìlú kékeré kan ní Suffolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ẹfun abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Ní Grimes Graves, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, ó ti ju 4,000 ọdún lọ tí àwọn ènìyàn ti wa irú òkúta kan náà láti fi ṣe àáké. Èyí tó ní àwọ̀ oyin wá láti ilẹ̀ Faransé, ní Meusnes àti àwọn abúlé tó wà nítòsí odò Cher. Ogun Napoleon mú kí ọjà Brandon gbòòrò. Nígbà tí ìbọn oníkápù, tí kò nílò òkúta, sì gba ipò ìbọn olókúta lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Òyìnbó, Áfíríkà ni wọ́n ń kó òkúta náà wá, títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Eruku òkúta yìí pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń là á, ẹ̀dọ̀fóró wọn ló ń bàjẹ́. Nítorí wọn ni mo ṣe máa ń la òkúta ní gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí mo sì ń di imú mi. Ó wù mí kí àwọn tó ń jogún iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ̀mí ènìyàn ló ti bá a lọ.

Kí ló wá dé tí ìbọn olókúta fi pẹ́ lọ́wọ́ wa lẹ́yìn tí àwọn tó ṣe é ti pa á tì? Kì í ṣe pé ojú wa kò là. Lójú ogun Kírìjí, láti 1877 sí 1893, tí Ìlá àti àwọn Ìgbómìnà wà lẹ́yìn Èkìtìparapọ̀, àwọn ènìyàn wa ní Èkó ti ń fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń kì láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sójú ogun. Àwọn Òyìnbó ló tilẹ̀kùn. Ní oṣù Keje ọdún 1890, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels, wọ́n fi òfin de títa ìbọn ìgbàlódé fún gbogbo Áfíríkà tó wà láàárín ìlà 20 ní àríwá àti ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókúta àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n yọ̀ǹda. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa gba èyí tí wọ́n yọ̀ǹda yìí, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń rọ ọ́. Mo ka ìyẹn sí ọgbọ́n ńlá.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà kò ní irú òkúta Brandon. Ilẹ̀ àpáta ni tiwa, kò sí ẹfun tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ohun tí a ní ni òkúta funfun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartz. Ó kún àwọn òkè Òkè-Ìlá, ní agbègbè tí omi Ayìkúnugbá ti ń já bọ́. Ó le ju irin lọ, ó sì ń ṣáná. Àwọn ará ìgbàanì mọ ìwúlò rẹ̀: ní Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́, tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà ní 1965, irinṣẹ́ tí wọ́n fi òkúta yìí ṣe pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Síbẹ̀ mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni: kò tó ti Brandon. Ẹnu rẹ̀ kì í tọ́, ó máa ń já hóró-hóró, ó sì ń họ ojú irin. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi èyí tó funfun bọ́ọ̀ sílẹ̀, torí sísán ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá èyí tó mọ́ gaara, tí ojú lè wọ inú rẹ̀.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọdẹ ti kúrò nídìí òkúta. Orí ìṣáná ni wọ́n ń họ sí ìbọn. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó wà lórí ìṣáná, ìkọlù kékeré lè tan án. Ìbọn tó ṣubú lọ́wọ́ ọmọdé lè dún. Ìbọn olókúta tí a ṣí àwo rẹ̀, tí a nu ẹ̀tù inú àwo nù, òkúta rẹ̀ kò rí irin fá. Eérú ìṣáná sì máa ń mú kí irin dípẹtà kíákíá. Òfin ohun ìjà ti ọdún 1959 dárúkọ ṣakabùlà, ìbọn olókúta àti ìbọn oníkápù papọ̀ lábẹ́ ìsọ̀rí kan, èyíkéyìí tó bá sì wà lọ́wọ́ ẹni, ìwé àṣẹ ṣe pàtàkì.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín jẹ́ ọdẹ, ní Ìlá, ní Ọ̀rá, ní Òkè-Ìlá, ẹ tú àpò ọdẹ tó wà ní àjà wò. Bí ẹ bá bá òkúta pẹlẹbẹ níbẹ̀, dúdú tàbí aláwọ̀ oyin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan mú, ẹ má dà á nù pẹ̀lú pàǹtí. Ẹ gbé e wá sí àgbẹ̀dẹ tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n fi han àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.